Òkúta Mẹ́ta Láti Ẹ̀yìnkùlé

Alajo, Accra.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kìíní, ọdún 2024.

Bàbá mi, Tísà Láwàlì Àkànó,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ọyẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, Wòsílátù. Ara wa le níbí. Fáòsíà ìyàwó mi ní kí n bá òun kúnlẹ̀ fún yín. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà, ìparí oṣù Kẹrin ni wọ́n ní kó máa retí.

Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sí yín láti Iléyá, ẹ ò fèsì. Mo mọ̀ pé etí yín kò gbọ́ fóònù mọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá yín gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sí bébà fún Dàda awakọ̀, kó máa gbé e gba Lomé àti Kútọnu bọ̀ wá bá yín ní Ṣakí. Ó yẹ kí ẹ máa dá mi lóhùn, Bàbá. Ọmọ yín ni mí.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ilé mi ti gba páànù. Ẹsẹ̀ òkè ló wà, níwọ̀ oòrùn Accra. Tí èèyàn bá dúró lójú fèrèsé, á máa rí omi ọ̀sà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n bíi ti inú ìlú, torí pé òkè ni. Mo gba kátápílà, ó gé ẹsẹ̀ òkè náà wọlé títí a fi rí ibi tó tẹ́jú. Ògiri òkúta tó gé sílẹ̀ ga ju ilé lọ, ó dúró lẹ́yìn wa bí ìgànná. Àwọn tó lọ ra ilẹ̀ iyanrìn lẹ́bàá òkun, omi ń bá wọn gbélé. Èmi rántí bí àwọn ilé ìdí òkè Asabari ṣe dúró láti ayé àwọn baba ńlá wa, mo ní orí àpáta ni tèmi. Ọmọ Ṣakí ni mí, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní àpáta.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ bá mi gbàdúrà sí ilé náà. Kí ẹ sì jẹ́ kí Ìyá mi wá ní àárín oṣù Kẹrin, kó wá wẹ ọmọ fún wa. Inú ilé tiwa ni mo fẹ́ kó ti wẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ inú ilé àna mi.

Ọmọ yín,
Fàrúkù.


Ṣakí.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Fàrúkù,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ara mi le. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ìkíni parí síbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko lo fi jókòó sí kíláàsì mi, tí mo ń kọ́ yín ní Jọ́gíráfì. Àbí ẹyẹ lo ń wò lójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà tí mo ń ya inú ayé sójú pátákó? O ní kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní àpáta. Jẹ́ kí n tún un kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti dàgbà kọjá ẹgba.

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí, èèpo lásán ni. Bí èèpo ẹyin ṣe fẹ́lẹ́ lára ẹyin, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́lẹ́ lára ayé. Lábẹ́ èèpo yẹn, òkúta ṣì ni, àmọ́ òkúta tó gbóná débi pé ó ń rọ̀, ó ń rìn, ìrìn rẹ̀ kò sì yá ju bí èékánná ọwọ́ ṣe ń hù lọ. Lábẹ́ ìyẹn ni irin yíyọ́ wà. Àárín gbùngbùn pátápátá, irin líle ni, torí ẹrù gbogbo ayé ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò fi lè yọ́. Nǹkan tó ń rìn nísàlẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kí èèpo òkè sinmi. Ó ti fà á ya níbi púpọ̀. Ọ̀kan nínú ojú ibi tó ya náà bá ọ̀wọ́ òkè tí o kọ́lé sí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá lọ́hùn-ún, ó já sí etí òkun níwọ̀ oòrùn Accra. Ibi tí ìwọ kọ́ ilé sí nìyẹn.

Bàbá mi ń ta aṣọ ní James Town, ní Accra níbẹ̀, ní ọdún 1939 nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ mì tìtì. Ó ní ìkòkò ń fò lórí ààrò. Ilé wó, èèyàn kú. Ó sọ ọ́ létí rẹ títí ó fi kú, o máa ń rẹ́rìn-ín.

Àpáta Ṣakí tí o fi ń yangàn, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti yọ́, ibẹ̀ ló ti tutù, tó sì dì di ẹyọ kan ṣoṣo. Kò ní ìpele, kò ní ojú ìyapa. Ọjọ́ pẹ́ kí òjò àti afẹ́fẹ́ tó kó erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ tán kó tó yọ síta. Òkè tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iyanrìn ìsàlẹ̀ omi ni nígbà kan, òun àti amọ̀ tò léra bí ẹní tí wọ́n tẹ́ lé ẹní. Ilẹ̀ bò ó, ó fún un, ó yan án títí ó fi di òkúta. Lẹ́yìn náà ló ká a kò, ló gbé e dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló sì fọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ àpáta, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ìwọ ṣe jọ ń jẹ́ Àkànó.

Lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ. Wo ìhà tí ìpele òkúta náà dà sí. Tó bá dà sínú òkè, ìrètí díẹ̀ ṣì wà fún ọ. Tó bá dà sọ́dọ̀ rẹ, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí òkè náà fi dúró ni kátápílà rẹ gé. Mú òòlù, kí o ya òkúta mẹ́ta lára ògiri yẹn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan níbi tí ọwọ́ rẹ bá lè tó lókè. Fi rán Dàda.

Ìyá rẹ kò ní kúrò ní Ṣakí títí n ó fi rí òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láwàlì Àkànó.


Alajo, Accra.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí ẹ gbàdúrà sí ilé, ìbéèrè ìdánwò lẹ fi ránṣẹ́.

Mo ka lẹ́tà yín fún àna mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní Alajo níbí ni wọ́n bí òun sí, òun ti lé ní àádọ́rin ọdún, ilẹ̀ Gánà kò tíì gbé òun mì. Ó ní ṣé bàbá mi kò mọ̀ pé àwọn ọlọ́lá kọ́ ilé sórí òkè wọ̀nyẹn ni? Ojú tì mí, Bàbá. Ọmọ mélòó ni wọ́n ń kí kú oríire ilé tuntun tí bàbá rẹ̀ ń dárúkọ irin yíyọ́ fún un?

Mo ti lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹ ṣe wí. Ìpele òkúta náà dúró ṣánṣán, kò dà síbì kankan. Òkúta mẹ́ta tí ẹ ní kí n yà nìyí nínú àpò ìrẹsì, Dàda rojọ́ pé ó wúwo. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Tí ẹ bá wò wọ́n tán, ẹ jẹ́ kí Ìyá mi máa palẹ̀ mọ́. Fáòsíà kò ní ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó máa wẹ ọmọ yẹn.

Fàrúkù.


Ṣakí.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Fàrúkù,

Mo kó òkúta mẹ́ta sórí tábìlì. Mo fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n. Mo gbé awò mi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn. Gíránáìtì, irú òkúta Asabari, ni gbogbo wọn. Hóró funfun wà níbẹ̀, hóró pupa rẹ́súrẹ́sú wà níbẹ̀, ohun dúdú tó ń kọ yẹ̀rì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra láìní ìpele kankan. Etí rẹ̀ mú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni, ẹ̀rọ ló sì fọ́ ọ, kì í ṣe òòlù. Símẹ́ńtì gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta.

Òkè tí o gé, òkúta funfun tó rí bíi ṣúgà ló yẹ kó wà lára rẹ̀, àti amọ̀ pẹlẹbẹ tó ń ṣí bí ojú ewé ìwé. Gíránáìtì kò sí níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tà fún kọ́lékọ́lé ni eléyìí ti wá. Orí òkìtì tí o fi da ìpìlẹ̀ lo ti ṣa á. O rí ẹni tó fi òkúta jẹun fún ọdún márùndínlógójì, òkúta náà lo wá fi purọ́ fún un. O kò tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi débi kí o wá irọ́ tó le.

Ṣé o fẹ́ mọ èyí tó ń bí mi nínú jù? Irọ́ ọmọ kì í ṣe tuntun lójú tísà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọjà òun dára, kì í mú ọjà ẹlòmíràn hàn. O ti lọ sẹ́yìn ilé náà. O wo ìpele rẹ̀. O rí i pé ó dà sọ́dọ̀ rẹ, gbogbo rẹ̀, láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rù bà ọ́. O wá yíjú padà, o lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí òkìtì. O mọ̀, Fàrúkù. Láti ọjọ́ yẹn lo ti mọ̀.

Amọ̀ tó wà láàárín ìpele yẹn, ó le bí irin lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá ti wọ inú rẹ̀, á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Oṣù Karùn-ún ni òjò Accra ń bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ka oṣù lọ́wọ́ rẹ.

Wòsílátù kò ní wá. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú àpótí mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi.

Láwàlì Àkànó.


Alajo, Accra.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Bàbá,

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀.

Orí òkìtì ni mo ti ṣa á. Mo ti jẹ́wọ́. Ṣé inú yín ti dùn báyìí? Ẹ ti mú olè.

Ó ku kí n bi yín ní ìbéèrè tèmi. Ọdún márùndínlógójì lẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ilẹ̀. Ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí dé àárín gbùngbùn. Ilẹ̀ wo ló wà lórúkọ yín? Ibi tó tó tẹ́ ẹní sí, ẹ ò ní. Yàrá kan nínú agboolé àwọn Ìyá mi la gbé títí mo fi dàgbà. Tí inú bá bí àbúrò Ìyá mi, á ní kí "àlejò" wá kó ìwé rẹ̀ kúrò lọ́ọ̀dẹ̀. Ẹ̀yin á dìde, ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ó máa kó ìwé. Èmi ni mo ń bá yín gbé pátákó tí ẹ ya ayé sí wọ inú yàrá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mi ò gbàgbé. N kò lè gbàgbé.

Ẹ wò ó, ohun tí mo sá fún ni mo tún wá bá ní Accra. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ilé àna. Ọ̀rọ̀ kékeré, wọ́n á ní ta ló ni ilé. Àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé, tí wọ́n bá ń fi èdè Twi àti Gaa ṣàwàdà, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí. Mo búra pé ọmọ tèmi kò ní gbọ́ irú rẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ́ ilé yẹn nìyẹn. Tí òkè bá fẹ́, kó dà, tí kò bá fẹ́, kó dúró. Ó sàn kí ó wó lé mi lórí nínú ilé mi ju kí n tún dìde kúrò lọ́ọ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni.

A máa kó wọlé kí Fáòsíà tó bímọ. Ìyá mi sì ń bọ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ wà nínú yàrá náà, ẹ ò gbọ́. Bọ́dà kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ìyá arúgbó tó bá bá Dàda wọkọ̀. Ẹ máa ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ yín.

Fàrúkù.


Láti ilé mi, Accra.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Bàbá,

Ẹ ò fèsì. Mo rò pé ẹ ó fèsì.

Fáòsíà bí ọkùnrin ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin. Ìyá mi ti dé ṣáájú, ó ń wẹ ọmọ, ara ọmọ ń dán. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lèmọ́ọ̀mù bi mí pé orúkọ wo ni bàbá bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́. Mo ní ó ń bọ̀ lọ́nà. A dúró títí, wọ́n wá fi orúkọ tí àna mi mú wá sọ ọ́. Mi ò ní sọ orúkọ náà fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ bèèrè.

Ìyá mi ló ní dandan kí n kọ ìyókù yìí, kò jẹ́ kí n rímú mí. Láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ilẹ̀kùn yàrá kejì tó wà lẹ́yìn kò pa dé mọ́. Ògiri ibẹ̀ là. Ìka mi wọ ibi tó là náà lápá òkè, lápá ìsàlẹ̀ kò ju fọ́nrán òwú lọ. Táìsì ilẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀. Ògiri òkúta ẹ̀yìnkùlé ń sun omi títí di ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò, omi náà sì pọ́n. Bíríkìlà ní ilé tuntun ló ń jókòó, gbogbo ilé tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ìyá ní kí n kọ ọ́, mo ti kọ ọ́.

Fàrúkù.


Ṣakí.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Fàrúkù,

Kó wọn jáde. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù, ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, kí o lọ kó wọn jáde.

Mo ti ní kí Àrówólò, ará ilé kejì, pè ọ́ lórí fóònù ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó ní iṣẹ́ mi ni òun jẹ́, o ní àwọn oníbàárà wà níwájú rẹ. Ó pe ìyá rẹ. Ìyá rẹ ní òun ti sọ ọ́ títí, o ní kí òun má kó ìbẹ̀rù Ṣakí wọ inú ilé rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́, kí o rí i pẹ̀lú ojú rẹ.

Ilé tó bá ń jókòó, ilẹ̀ ló ń rì lábẹ́ rẹ̀, kì í mú kí ẹ̀yìnkùlé sun omi, kì í gbé táìsì sókè. Tìrẹ gbòòrò lókè, ó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Nǹkan kan ló ń tì í láti ẹ̀yìn. Omi tó pọ́n yẹn, amọ̀ àárín ìpele ló ń fọ̀ jáde. Òkè kì í sáré lọ́jọ́ kìíní, Fàrúkù. Á kọ́kọ́ máa yọ́ rìn. Ilẹ̀kùn tí kò pa dé yẹn ni ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sì nílò kí ilẹ̀ mì kó tó dé. Òjò ńlá kan ti tó o.

Ní ti ọ̀rọ̀ yàrá àti pátákó, òótọ́ lo sọ. Mo kó ìwé mi, mi ò sọ̀rọ̀. Ó dùn mí débi pé mi ò lè mú kálámù fún oṣù kan, ọmọ rẹ sì bá ìbínú mi lọ láìní orúkọ lọ́dọ̀ mi. Inú ṣì ń bí mi sí ọ bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ má tìtorí ìyẹn dúró síbẹ̀. Jáde ná. Tí ẹ bá ti jáde, ká jọ máa bínú síra wa bó ṣe wù wá.

Má fi ìyá rẹ, ìyàwó rẹ àti ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ẹni tó mọ̀ jù láàárín èmi àti ìwọ.

Láwàlì Àkànó.


Alajo, Accra.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ kú ìfaradà. Inú yín á dùn sí mi lónìí.

Mo gbọ́ràn. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá ni lẹ́tà yín dé. Mo kà á dé ìdajì, mo fẹ́ fà á ya, Fáòsíà gbà á lọ́wọ́ mi. Kí n tó yíjú, Ìyá ti pọn ọmọ. A kó padà sí Alajo lọ́jọ́ náà gan-an. Yàrá àtijọ́ la wà. Mo rí i bí àna mi ṣe yínmú. Mo gbé e mì torí tiyín.

Ẹ má dààmú nípa ilé náà, mi ò pàdánù. Mo gbé bíríkìlà lọ, ó dí ojú ibi tó là, ó tún táìsì lẹ̀, káfíńtà gé etí ilẹ̀kùn títí ó fi pa dé, a sì kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó tún lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí mo fi rí ẹni rà á. Yorùbá bíi tiwa ni, Àlàmú, télọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òun àti Adéníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ti há sínú yàrá kan ní Ashaiman. Nígbà tí ìyàwó náà wọ pálọ̀, ó sunkún, ó ní òun kò mọ̀ pé àwọn náà máa ní ilé tiwọn láyé. Ọkọ bi mí bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ dúró dáadáa. Mo ní orí àpáta ni.

Wọ́n kó wọlé ní Sátidé. Mo ti rí ilẹ̀ mìíràn, ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè nítòsí. N ó fi erùpẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, lọ́tẹ̀ yìí erùpẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni, kí ẹ wò ó kí n tó san. Ẹ̀kọ́ yín ti wọ̀ mí lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́. Kí ẹ sì bá mi bá Ìyá sọ̀rọ̀. Láti Sátidé kò dá mi lóhùn, kò sì jẹ oúnjẹ tí mo bá rà wọlé. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un. Òjò ọdún yìí pọ̀ o, kò fẹ́ dá.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Fàrúkù.


Ṣakí.
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàmú télọ̀,

Ẹ kò mọ̀ mí. Mo kí yín, mo kí Adéníkẹ́ ìyàwó yín. Dàda awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá, mo ti ní kó má gba Alajo kọjá, ẹ̀yin gan-an ni kó fi lé lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá mọ̀wé kà, á kà á fún yín lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde kúrò nínú ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Òkè ẹ̀yìn rẹ̀ ń bọ̀ lórí yín. Mo ti ní kí wọ́n pe ìyàwó mi, Wòsílátù, lórí fóònù, ó sì lè ti kan ilẹ̀kùn yín kí ìwé yìí tó dé. Obìnrin kúkúrú ni, ó kọlà. Bó bá ní kí ẹ jáde, ẹ gbà á gbọ́.

Kí ẹ má baà rò pé arúgbó kan ló ń ṣòkùnkùn sí yín, ẹ jáde ná, kí ẹ̀yin nìkan wá padà lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀. Ẹ wọ yàrá kejì tó wà lẹ́yìn, ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà ara ògiri. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n fi símẹ́ńtì dí. Ẹ wo etí ilẹ̀kùn yàrá náà, ẹ ó rí ibi tí káfíńtà gé. Ẹ bọ́ sẹ́yìnkùlé, ẹ wo òkúta tó tò bí ẹní. Gbogbo rẹ̀ ló dojú kọ yín. Wọ́n ti gé ohun tó gbé e dúró, òjò sì ti wọ àárín rẹ̀.

Ilé náà kò ṣeé tún ṣe. Ẹ má wá ẹni tí ẹ ó tà á fún.

Ẹni tó tà á fún yín ni kó dá owó yín padà. Dàda mọ ilé rẹ̀ ní Alajo, á mú yín débẹ̀. Á sọ fún yín pé òun kò mọ̀. Ó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ ọ́ sí i. Tísà ni mí, mo máa ń fi kábọ̀nù sábẹ́ bébà, ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àpò ìwé yìí pẹ̀lú èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò bá fẹ́ san, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá bèèrè ẹlẹ́rìí, mo ń bá Dàda bọ̀ ní ìrìn tó ń bọ̀. Etí mi wúwo, kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ fún mi, n ó kọ ìdáhùn.

Fàrúkù Àkànó lorúkọ rẹ̀. Ọmọ mi ni.

Láwàlì Àkànó.